Ọ̀nà Oko àti Owó Káńsù: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá Lágbègbè Abẹ́òkúta

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí gbogbo wa ń pè ní CDA, ni mí lọ́nà Ọ̀dẹ́dá. Kò sí ìpàdé tí àgbẹ̀, ọlọ́kadà tàbí àwọn ìyá tó ń kó láfún lọ sí ọjà Láfẹ́nwá kì í bi mí ní ìbéèrè wọ̀nyí. Mo kó ìdáhùn wọn jọ síbí.

Ta ló ni ọ̀nà abúlé wa gan-an?

Ìjọba mẹ́ta ló pín ọ̀nà Nàìjíríà láàárín ara wọn. Títì ńlá tó so ìpínlẹ̀ mọ́ ìpínlẹ̀, bí èyí tó ti Abẹ́òkúta gba Òṣíẹ̀lẹ̀ àti Ọ̀dẹ́dá lọ sí Ìbàdàn, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Àjọ FERMA ló ń bójú tó àtúnṣe rẹ̀. Títì tó so ìlú ńlá pọ̀ nínú ìpínlẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ìjọba Ògùn. Èyí tó kù, ọ̀nà abúlé, ọ̀nà oko, ọ̀nà ọjà àti títì àdúgbò, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin 1999 ka ọ̀nà kíkọ́ àti àtúnṣe rẹ̀, gọ́tà àti iná ojú títì mọ́ iṣẹ́ káńsù.

Wọ́n ṣírò gbogbo ọ̀nà Nàìjíríà sí nǹkan bí 200,000 kìlómítà, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló sì wà lọ́rùn ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú jù nínú àpò owó ló ru ẹrù ọ̀nà tó wúwo jù. Kò sí bí a ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà oko ká má bá a níbẹ̀.

Káńsù wo ló ni àdúgbò tiwa?

Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn tó yí wa ká ni Gúúsù Abẹ́òkúta tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Aké, Àríwá Abẹ́òkúta tí tirẹ̀ wà ní Akómọjẹ, Ọ̀dẹ́dá, Ọbáfẹ́mi-Owódé, àti Èwékòró tó ń jókòó ní Ìtòrí. Ẹ má fi ojú ilé wò ó o. Ọ̀pọ̀ ará Ọbáńtokò ló gbà pé àárín Abẹ́òkúta ni àwọn ń gbé, bẹ́ẹ̀ Ọbáńtokò jẹ́ wọ́ọ̀dù lábẹ́ Ọ̀dẹ́dá. Mo ti rí lẹ́tà tó jókòó oṣù mẹ́rin sórí tábìlì káńsù tí kò ni ọ̀nà náà rárá.

Níbo ni káńsù ti ń rí owó?

Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Àbújá wá. Lóṣooṣù ni wọ́n ń pín owó àpapọ̀: ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ìpínlẹ̀ ń mú 26.72, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 sì ń pín 20.60 tó kù. Lẹ́yìn èyí, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún owó VAT, ìyẹn owó orí tó wà lórí ọjà títà, tún jẹ́ tiwọn. Wọ́n ń wo iye èèyàn, ìwọ̀n ilẹ̀ àti àwọn nǹkan mìíràn kí wọ́n tó mọ iye tó kan káńsù kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyí tí owó Ọ̀dẹ́dá kì í fi í dọ́gba pẹ̀lú ti Ifọ̀.

Èyí tí káńsù ń pa fúnra rẹ̀ ni owó ìsọ̀ ọjà, owó gáréèjì, owó ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, owó ìwé ìbí àti ìwé ìgbéyàwó, àti owó ilé. Ní káńsù tí oko pọ̀ jù ìlú lọ, owó yìí kéré. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún abúlé kan kò lè pa owó tí yóò tún kìlómítà kan ṣe.

Kí ló ń ba ọ̀nà wa jẹ́ gan-an? Ṣé nítorí pé kò lọ́dà ni?

Omi ni. Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ má gbàgbé èyí. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi yangí tẹ́, tí omi rí ibi gbà lọ, lè sìn wá dáadáa fún ọdún púpọ̀. Títì ọlọ́dà tí omi dúró lé lórí kì í rí òjò méjì kó tó máa hó bí èèpo ẹ̀gẹ́.

Ẹ wo ọ̀nà tó dára: àárín rẹ̀ ga, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì rọ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá. Nínú mítà kan láti àárín sí ẹ̀gbẹ́, ó yẹ kó fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 wálẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ sí i á ṣàn sí gọ́tà ẹ̀gbẹ́, gọ́tà á gbé e lọ sínú igbó ní ojú àgbàrá tí wọ́n là sílẹ̀, bí ọ̀nà bá sì dábùú odò kékeré, kọ́fáàtì, ìyẹn páìpù kọnkéré abẹ́ títì, á jẹ́ kí omi kọjá láìfọwọ́ kan ojú ọ̀nà.

Nígbà tí gọ́tà bá dí, omi á jókòó. Ilẹ̀ á rọ̀. Ọkọ̀ tó ru gbáàgúdá á tẹ̀ ẹ́, kòtò á yọ. Kòtò á gba omi sí i, ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e á gbà á fẹ̀ sí i. Nǹkan tí ọkọ́ àti àdá ì bá ti fi wákàtí mẹ́ta yanjú lóṣù kẹta á di iṣẹ́ katapílà lóṣù kẹsàn-án.

Wọ́n gbé gírédà wá lọ́dún tó kọjá. Kí ló dé tí ọ̀nà tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?

Ìbéèrè yìí dùn mí, torí ó ṣẹlẹ̀ sí àwa náà. Gírédà wọlé láàárọ̀, ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e, àwọn àgbà ń súre. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà tẹ́ bí ẹní. Òjò àkọ́rọ̀ bọ́, a sì rí i pé odò ni wọ́n là fún wa.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí awakọ̀ gírédà bá kàn ń há ilẹ̀ tó sì ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, lọ́dọọdún ni ojú ọ̀nà ń rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ igbó tó yí i ká. Yangí tó le ti lọ, amọ̀ ló kù. Ilẹ̀ tí wọ́n tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti dí gọ́tà, kò sì jẹ́ kí omi jáde. Ní abúlé kan tí mo mọ̀, ẹni tó bá dúró lójú ọ̀nà, ibi èjìká rẹ̀ ni igbó bẹ̀rẹ̀ sí.

Iṣẹ́ tó pé yàtọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ la gọ́tà. Kí wọ́n fa ilẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, kì í ṣe láti àárín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí wọ́n fi típà kó yangí tuntun wá sí ibi tó ti rẹlẹ̀. Kí wọ́n wọ́n omi sí i díẹ̀, kí rólà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí ilẹ̀ tí rólà kò tẹ̀ kì í pẹ́ kí òjò tó gbé e lọ. Bí wọ́n bá sọ pé owó kò tó fún gbogbo rẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe kìlómítà kan tó pé dípò kìlómítà márùn-ún tí wọ́n kàn fi gírédà fọ̀. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti sọ fún àwọn ará òdìkejì pé kí wọ́n ní sùúrù, ṣùgbọ́n òun ló ń pẹ́.

Ìgbà wo ló yẹ kí iṣẹ́ ọ̀nà wáyé?

Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Òjò lágbègbè wa máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa ní oṣù kẹrin, ó ń le ní oṣù kẹfà, ó ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó sì ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá gbé gírédà wá ní oṣù kẹfà ń po amọ̀ ni.

Owó ń wọlé lóṣooṣù, kí ló dé tí káńsù ń sọ pé kò sówó?

Owó tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde pé ó kan káńsù kọ́ ni owó tó ń kù sí wọn lọ́wọ́. Ìwé òfin dá àpò kan sílẹ̀ ní abala 162, tí ìpínlẹ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ jọ ń lò. Láti inú àpò yìí ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì, àti èyí tó kan àwọn ọba, kí ìyókù tó dé ọ̀dọ̀ alága. Òun náà á wá san owó oṣù òṣìṣẹ́ káńsù. Àṣẹ́kù lọ̀nà ń jẹ.

Mi ò sọ èyí láti gbèjà ẹnikẹ́ni. Káńsù wà tí owó rẹ̀ kò tó lóòótọ́, káńsù sì wà tí owó ìpàdé àti ti ọkọ̀ alága ju owó ọ̀nà ọdún kan lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè mọ ìyàtọ̀ wọn ni ká béèrè ìwé ìṣúná, ká wo iye tí wọ́n kọ sí iwájú ẹ̀ka iṣẹ́, ìyẹn ẹ̀ka káńsù tó ń rí sí ọ̀nà, ká sì béèrè iye tí wọ́n ná níbẹ̀. Ariwo lásán kò lè fi hàn wá.

Kí ni ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ yí padà?

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, pé ìpínlẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dì í mú, àti pé káńsù tí aráàlú kò dìbò yàn, tí gómìnà kàn yan èèyàn sí, kò bá òfin mu. Ìjọba àpapọ̀ ló pe ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún náà, ìbò ìjọba ìbílẹ̀ wáyé ní Ògùn fún alága 20 àti káńsẹ́lọ̀ 236.

Fún àwa tí a ń rin ọ̀nà oko, ohun tó yí padà jù ni àwáwí. Ìmúṣẹ ìdájọ́ náà kò yá bí a ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí alága tó tún lè tọ́ka sí gómìnà títí láé, bẹ́ẹ̀ ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín ní orúkọ, ó ní ilé, ẹ sì mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ta la ń kọ lẹ́tà sí, kí la sì ń kọ sínú rẹ̀?

Ẹ kọ ọ́ sí alága káńsù, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí káńsẹ́lọ̀ yín, ọ̀kan sí olórí ẹ̀ka iṣẹ́. Kí baálẹ̀ àti alága CDA fọwọ́ sí i. Ẹ mú ẹ̀dà tiyín dání, kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀ pé àwọn gbà á, pẹ̀lú ọjọ́. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, ẹnu ni ẹ fi sọ ọ́.

Ẹ má kọ "ọ̀nà wa ti bàjẹ́, ẹ ṣàánú wa". Gbogbo abúlé ló ń kọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, iye kìlómítà rẹ̀ (ọkadà lè wọ̀n ọ́n), iye abúlé tó ń lò ó, bóyá ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn wà lójú rẹ̀, ọjọ́ ọjà, irú ẹrù tó ń bá a jáde, iye tí ọkọ̀ ń gbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti iye tó ń gbà nígbà òjò. Ẹ fi fọ́tò ibi mẹ́ta tó burú jù sí i. Kí ẹ sì béèrè ohun kan pàtó: "kọ́fáàtì kan níbi odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́". Ohun kékeré tó ní orúkọ máa ń tètè wọ ìwé ìṣúná ju "títì ọlọ́dà" lọ. Àwa béèrè kọ́fáàtì, a rí i ní ọdún kejì. Ọdún mẹ́fà ni a ti fi ń béèrè ọ̀dà ṣáájú ìgbà yẹn.

Ìgbà tí ẹ kọ ọ́ ṣe pàtàkì bí ohun tí ẹ kọ. Ọdún ìṣúná káńsù ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, nítorí náà oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án ni kí lẹ́tà yín ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá dé ní oṣù kejì, wọ́n ti pín ẹran tán.

Ṣé abúlé lè dá owó kí ó tún ọ̀nà ṣe fúnra rẹ̀?

Ó lè ṣe é. Ọ̀wẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ tó yẹ ọ̀wẹ̀ ni kíkó ìdọ̀tí gọ́tà, ṣíṣán igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí oòrùn lè gbẹ ojú rẹ̀, àti dídí kòtò kékeré pẹ̀lú yangí kó tó di ńlá. Ẹ má fi iyanrìn tàbí pàǹtí dí kòtò; omi kan ṣoṣo ló máa gbé e lọ. Kọ́fáàtì àti afárá kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀wẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Kí owó jẹ́ ohun tí gbogbo ilé fẹnu kò sí, kí ìwé wà, kí akápò máa ka ìṣirò jáde ní ìpàdé. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò gbàgbé ohun tí ipá ń dá sílẹ̀. Ní 1918, owó orí tuntun àti iṣẹ́ ipá tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn ṣe wà lára ohun tó bí Ogun Àdùbí. Ẹni tó bá fẹ́ kí abúlé dá owó ọ̀nà, kó fi ìwé ìṣirò bẹ̀ wọ́n.

Ṣé a lè fa okùn dínà, ká gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá?

Rárá. Òfin 1998 lórí owó orí kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan òṣìṣẹ́ ìjọba, láti dínà gba owó. Ó sì máa ń di ìjà.

Típà akóòkúta ló ń ba ọ̀nà wa jẹ́. Kí la lè ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ọ̀dẹ́dá gan-an, torí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ ọ̀nà ti fi hàn pé bí ẹrù tó wà lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe sí ọ̀nà á tó nǹkan bí ìlọ́po 16. Èyí ni pé típà kan tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ lè ṣe ohun tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkadà kò lè ṣe lọ́dún kan. Ọ̀nà oko kò dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Káńsù kọ́ ló ń fún wọn níwèé àṣẹ. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun abẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìwakùsà 2007 sọ ní abala 116 pé kí ilé iṣẹ́ tó gba àṣẹ ìfọ́kùúta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ bá ìlú tó wà níbẹ̀ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ìdàgbàsókè. Ọ̀pọ̀ abúlé kò mọ̀ pé irú ìwé yìí wà. Àwọn mìíràn mọ̀, ẹni méjì péré ló fọwọ́ sí i, ẹnìkẹta kò rí i rí. Ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀. Bí àtúnṣe ọ̀nà kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n jókòó pẹ̀lú yín kí wọ́n fi í sí i: yangí lọ́dọọdún, omi wíwọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nítorí eruku tó ń wọ ọmọ nímú, àti ìwọ̀n ẹrù tí típà gbọ́dọ̀ rù.

Ọ̀nà wa wà lẹ́nu ààlà káńsù méjì, kálukú ń ní kì í ṣe tòun. Kí la máa ṣe?

Ẹ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí àwọn alága méjèèjì, kí orúkọ àwọn méjèèjì hàn lókè rẹ̀, kí baálẹ̀ ìhà méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Bí ọ̀nà náà bá ń kó ohun oko jáde lọ sí ọjà ńlá, ẹ béèrè bóyá ó lè wọ ètò RAAMP, ètò ọ̀nà oko tí Báǹkì Àgbáyé ń fi owó ràn lọ́wọ́, tí Ògùn wà nínú rẹ̀. Ètò bẹ́ẹ̀ kì í wo ààlà káńsù, ibi tí irè oko ti ń jáde ló ń wò.

Pátákó wà pé wọ́n ti parí ọ̀nà wa, bẹ́ẹ̀ wọn kò ṣe é. Báwo la ṣe máa bi wọ́n?

Òfin òmìnira ìròyìn 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, láìsọ ìdí. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé òfin náà kò kan àwọn, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 2025 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ó kan gbogbo ìjọba.

Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ìwé tí wọ́n fi gbéṣẹ́ jáde, ìwé tó ka iye ohun èlò àti iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ìwé tí ẹ̀ka iṣẹ́ fi jẹ́rìí pé iṣẹ́ parí kí wọ́n tó sanwó. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó gbé pátákó náà síbẹ̀. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ aṣòfin Àbújá ni, káńsù kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. A ti sọ òkò ọ̀rọ̀ lu alága kan nítorí irú pátákó bẹ́ẹ̀ rí, a sì ní láti padà lọ tọrọ àforíjì.

Onílẹ̀ kan kọ̀ kí a la ojú àgbàrá gba oko rẹ̀. Ṣé òfin wà lẹ́yìn wa?

Òun ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, torí omi tí a bá lé kúrò lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ dé ibì kan. Òfin ilẹ̀ 1978 fún ìjọba láyè láti gba ilẹ̀ fún ànfààní gbogbogbòò, ilẹ̀ oko sì wà lábẹ́ àbójútó ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ní kí wọ́n san owó ohun ọ̀gbìn tó bá bàjẹ́. CDA kò ní agbára yìí rárá. Bí ẹ bá gbé ọkọ́ wọ oko rẹ̀ lóru, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi.

Ẹ lọ bá a nílé, pẹ̀lú baálẹ̀ àti ẹnì kan nínú ìdílé rẹ̀, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá a rìn dé ojú ilẹ̀ náà. Nígbà tiwa, bàbá náà kò kọ ojú àgbàrá. Ibi tó máa gba inú kòkó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ló kọ̀. A yí i síwájú ní ogún ìgbésẹ̀, ó gba inú igbó ọ̀pẹ kọjá sínú àbàtà, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi àdá la ibi tó kọ́kọ́ gbà.